Amir Dost Muhammad Khan: Ọmọkùnrin 21, Ìtẹ́ Kan Ṣoṣo

 

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ìtàn àwọn sàábé àti ti àwọn àgbà onímímọ̀ ni a sábà máa ń sọ nínú oṣù alápọ̀n-ọ́nlé yìí. Ẹni tí mo mú ìtàn rẹ̀ wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe sàábé, kì í sì í ṣe wòlíì. Aláṣẹ ilé ayé ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ìkógun, ṣùgbọ́n ó ṣe túúbá ní àkókò tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti túbọ̀ bàjẹ́ sí i. Àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ ló sì jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ ju àwọn kèfèrí tí ó bá jagun lọ. Dost Muhammad Khan ni orúkọ rẹ̀. Ó jọba ní Kabul, ní ilẹ̀ Afghanístàn, lẹ́ẹ̀mejì: láti 1826 títí di 1839, àti láti 1843 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní 1863. Láti inú agboolé bàbá rẹ̀ ni àwọn tí ó jẹ́ olórí ilẹ̀ náà ti ń wá, bí a bá yọ àwọn àkókò díẹ̀ sílẹ̀, títí di ọdún 1973.

Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ irú ènìyàn tí àwọn Pashtun jẹ́. Ẹ̀yà ńlá ni wọ́n, mùsùlùmí ni wọ́n, ìran kọ̀ọ̀kan wọn sì ní olórí tirẹ̀ tí kì í fẹ́ tẹrí ba fún olórí ìran mìíràn. Nínú àwọn ìran wọn, àwọn tí à ń pè ní Durrani ni agbára ìjọba bọ́ sí lọ́wọ́. Ní ọdún 1747, àwọn olórí Durrani péjọ sí ẹ̀bá ìlú Kandahar, wọ́n sì yan Ahmad Shah, tí ó ti inú ìdílé Sadozai wá, ní ọba lórí ara wọn. Ìdílé mìíràn tí ó lágbára bí ti Sadozai, bí kò tilẹ̀ jù ú lọ, ni Barakzai. Olórí wọn ní ìgbà náà, Hajji Jamal Khan, gbà pé kí Ahmad Shah jẹ ọba. Láti ìgbà náà ni ó ti dà bí ẹni pé ìdílé kan ni ó ń jọba, tí ìdílé kejì sì jẹ́ afọbajẹ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé afọbajẹ tí ó bá pẹ́ nídìí ìtẹ́, kò ní ṣàì máa wo ìtẹ́ náà lójú.

Ọmọ Hajji Jamal ni Payinda Khan. Òun ni igi lẹ́yìn ọgbà Zaman Shah tí ó jẹ́ ọmọ-ọmọ Ahmad Shah, títí ọ̀rọ̀ fi yí padà láàrin wọn. Ọba fura sí i pé ó ń dìtẹ̀, ó sì pa á ní 1799. Ohun tí ọba kò rò ni pé ẹni tí ó pa fi ọmọkùnrin 21 sílẹ̀ láyé. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ìyá kan. Ìyàwó Payinda Khan pọ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ìran tí ó ti fẹ́ wọn. Dost Muhammad, tí a bí ní nǹkan bí ọdún 1793, wà nínú àwọn àbúrò. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí wọ́n pa bàbá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kì í ṣe Pashtun rárá. Ọmọ Qizilbash ni obìnrin náà, èyí tí í ṣe àwọn jagunjagun tí wọ́n wá láti ilẹ̀ Páṣíà tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Kabul. Ṣíà ni wọ́n nínú ẹ̀sìn, Súnní sì ni àwọn Pashtun. Nítorí èyí, àwọn ọbàkan rẹ̀ tí ìyá tiwọn jẹ́ ọmọ olóyè Pashtun máa ń fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá dàgbà ní ilé olórogún yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Bàbá kan náà ni wọ́n ń pè, ṣùgbọ́n ní ìgbà tí oúnjẹ bá délẹ̀ ni a máa ń mọ ọmọ ẹni tí kálukú jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wọn pátápátá, Fateh Khan, ni ó mú un sọ́dọ̀. Fateh Khan kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ bàbá wọn lọ lásán. Ó ti Mahmud, tí í ṣe ọbàkan Zaman Shah, lẹ́yìn, ó sì gba ìtẹ́ fún un. Wọ́n fọ́ ojú Zaman Shah méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣe wọn nígbà náà, nítorí pé ní èrò wọn, afọ́jú kò lè jọba mọ́. Lẹ́yìn náà Shah Shuja, ọmọ ìyá Zaman Shah, gba ìjọba ní 1803. Ní 1809 Mahmud tún gbà á padà, Fateh Khan sì di wàsíírì, ẹni tí gbogbo ìjọba wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Shah Shuja sá lọ sí Íńdíà. Ẹ má gbàgbé orúkọ rẹ̀, yóò tún padà wá.

Orí ẹṣin àti nídìí ìbọn ni Dost Muhammad ti dàgbà. Kò rí ẹni kọ́ ọ ní ìwé. Ó ń mu ọtí pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń jà, ó sì ń kó ogun. Ní nǹkan bí 1817, Fateh Khan lọ sí ìlú Herat láti gbà á sábẹ́ àkóso Kabul, àbúrò rẹ̀ yìí sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n wọ ààfin, Dost Muhammad kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ inú ilé àwọn obìnrin, ó sì gba ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye lára ọmọbìnrin ìdílé ọba. Fún mùsùlùmí èyíkéyìí, ohun ìtìjú ni èyí. Fún Pashtun, tí kò ní ohun tí ó fi ṣe iyì ju ọlá obìnrin ilé rẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó lè wẹ̀ ẹ́ nù. Dost Muhammad sá lọ sí Kashmir, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mìíràn tí ó jẹ́ gómìnà níbẹ̀. Fateh Khan ni ó san gbèsè náà. Kamran, ọmọ Mahmud, tí ó ti ń jowú agbára wàsíírì náà tẹ́lẹ̀, rí ohun tí yóò dì mú. Ó fọ́ ojú Fateh Khan ní 1818, lẹ́yìn náà ni wọ́n gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ títí ó fi kú.

Àwọn kan ń ka ìtàn yìí, wọ́n á sì sáré kọjá ibí yìí láti lọ bá ogun àti ìjọba. Èmi kò lè sáré kọjá. Ẹni tí ó wo ọmọ òrukàn yìí dàgbà, tí ó dúró bíi bàbá fún un, òun ni ó kú ikú oró nítorí ohun tí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Mo gbà pé láti ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí yí padà nínú ọkàn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí ó tó hàn síta.

Àwọn ọmọ Payinda Khan dìde lápapọ̀. Dost Muhammad ti Kashmir dé, ó gba Kabul, wọ́n sì lé Mahmud àti Kamran lọ sí Herat. Ní ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, ìjọba Sadozai kò ní ju ìlú Herat nìkan lọ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá ṣe lọ tán ni àwọn ará ilé kọjú sí ara wọn. Àwọn ọmọ ìyá kan jókòó sí Kandahar, àwọn ọmọ ìyá mìíràn, tí Sultan Muhammad Khan jẹ́ olórí wọn, jókòó sí Peshawar, Muhammad Azim Khan sì di Kabul mú. Níbi tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà, Ranjit Singh, ọba àwọn Sikh ní Punjab, ń gé ilẹ̀ wọn mu díẹ̀díẹ̀: ó gba Multan ní 1818, ó gba Kashmir ní 1819. Ní 1823 ó ṣẹ́gun àwọn Pashtun ní Nowshera, ìbànújẹ́ ogun náà sì wà lára ohun tí ó pa Azim Khan ní ọdún yẹn kan náà. Lẹ́yìn ìjà ọdún mẹ́ta láàrin àwọn ọmọ bàbá kan, Dost Muhammad di olúwa Kabul ní 1826. Àwọn Qizilbash, ìran ìyá rẹ̀, ni ó dúró tì í. Ohun tí wọ́n fi ń pẹ̀gàn rẹ̀ láti kékeré ni ó gbé e dé orí ìtẹ́.

Nígbà tí ó jókòó tán ni ó ṣe ohun tí mo tìtorí rẹ̀ mú ìtàn yìí wá. Ẹni tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí ọ̀mùtí àti jàgídíjàgan, jáde síta gbangba, ó ṣe túúbá níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó kọ ọtí sílẹ̀. Ó jókòó bí ọmọ ilé kéú, ó kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ, ó sì gbájú mọ́ Àlùkùráánì. Ó di ẹni tí ó ń jókòó láti gbọ́ ẹjọ́, tí tálákà lè dá dúró lójú ọ̀nà kí ó sì sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún un. Aṣọ rẹ̀ kò ju ti ẹlòmíràn lọ. Òkìkí ìdájọ́ rẹ̀ kàn débi pé bí wọ́n bá rẹ́ ẹnì kan jẹ ní Kabul, olúwarẹ̀ a máa bèèrè bóyá Dost Muhammad ti kú ni. Àwọn àlejò Òyìnbó tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́rìí sí ọgbọ́n àti ìwà rẹ̀, títí kan àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má bu iyọ̀ jù. Ọba ni, ó sì ń ṣe bí ọba. Nígbà tí owó ogun wọ́n ọn, ó fi agbára gbà á lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ìlú rẹ̀.

Ní 1834, Shah Shuja kó ogun láti Íńdíà wá sí Kandahar. Dost Muhammad lọ ran àwọn ọbàkan rẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì lé e padà. Lákòókò yẹn gan-an ni àwọn Sikh wọ Peshawar, tí wọ́n sì gbà á pátápátá. Peshawar kì í ṣe ìlú kékeré lójú Pashtun: ibẹ̀ ni ìlú òtútù àwọn ọba wọn, ilẹ̀ ọ̀rá ni, ojú ọ̀nà Íńdíà sì ni. Dost Muhammad pinnu láti pe jìhádì. Àwọn onímímọ̀ wí fún un pé jìhádì kò ṣe é pè láìsí aṣíwájú tí ó ní oyè ẹ̀sìn. Ní nǹkan bí ọdún 1835, wọ́n péjọ sí ibi ìkírun ìta gbangba ní Kabul, Mir Wa'iz tí ó jẹ́ àgbà oníwàásí ìlú fi ṣírì ọkà báálì sí inú láwàní rẹ̀, ó sì di Amíírù-l-Múúminíína, aláṣẹ àwọn onígbàgbọ́ òdodo. Kò sí adé wúrà, kò sí ìlù ńlá. Kò pe ara rẹ̀ ní Shah, nítorí oyè yẹn ti àwọn Sadozai ni, ó sì mọ̀ pé àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ kò ní jẹ́ kí òun gbádùn rẹ̀. Àwọn kan ní ọgbọ́n òṣèlú ni, wọ́n ní ó fi ẹ̀sìn bo ìfẹ́ ìjọba mọ́lẹ̀. Ìdí méjèèjì lè wà nínú ọkàn ènìyàn kan náà. Ọlọ́hun nìkan ni ó mọ èyí tí ó tẹ̀wọ̀n jù.

Wọ́n jáde ogun lọ sí Peshawar. Sultan Muhammad Khan, ọbàkan rẹ̀, wà nínú ogun náà, àwọn Sikh sì rán aṣojú sí i ní òru, wọ́n tàn án. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò, ó bá ọ̀tá lọ. Ogun tí kò tíì jà tú ká ní òwúrọ̀, Amir sì padà sí Kabul pẹ̀lú ìtìjú. Ní ọdún 1837, ó rán ọmọ rẹ̀ Akbar Khan lọ sí Jamrud, ní ẹnu ọ̀nà Khyber. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún náà wọ́n jà kíkankíkan, wọ́n sì pa Hari Singh, ọ̀gá ogun Sikh tí gbogbo Pashtun ń bẹ̀rù. Síbẹ̀ Peshawar kò bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Ìgbà náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Íńdíà, bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù pé Rọ́ṣíà ń bọ̀ láti apá àríwá. Alexander Burnes tí wọ́n rán dé Kabul ní oṣù kẹsàn-án 1837. Amir gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń fẹ́: kí wọ́n bá a bẹ Ranjit Singh lórí Peshawar. Burnes fúnra rẹ̀ rí i pé ọ̀rẹ́ ni ọkùnrin yìí lè jẹ́. Ṣùgbọ́n Lord Auckland, aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, kò fẹ́ bí Ranjit Singh nínú. Nígbà tí Amir sì gba aṣojú Rọ́ṣíà lálejò ní ìparí ọdún náà, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀tá. Wọ́n wá Shah Shuja jáde, ẹni tí ó ti ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ wọn fún ọdún gbọọrọ, wọ́n ní òun ni àwọn yóò fi jọba.

Ogun wọn gba Kandahar ní oṣù kẹrin 1839. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje, wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ ẹnu ibodè Ghazni, wọ́n sì mú Ghulam Haidar, ọmọ Amir, tí ó wà níbẹ̀. Dost Muhammad kó ogun jáde kúrò ní Kabul láti pàdé wọn, ṣùgbọ́n owó Gẹ̀ẹ́sì ti ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn olóyè rẹ̀. A gbọ́ pé ó gbé Àlùkùráánì dání, ó ń lọ láàrin àwọn ọmọ ogun, ó ń bẹ àwọn Qizilbash, ìran ìyá rẹ̀, pé kí wọ́n bá òun kọlu ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan péré kí òun kú bí ọkùnrin. Wọn kò dá a lóhùn. Ó yí ẹṣin rẹ̀ padà, ó gba orí òkè lọ pẹ̀lú ìwọ̀nba ènìyàn. Ó wá ibi ìsádi lọ sí Bukhara, ọba ibẹ̀, tí òun náà ń pe ara rẹ̀ ní amíírù àwọn mùsùlùmí, sì tì í mọ́lé. Ó ráyè sá jáde.

Ní 1840 ó padà wá jà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá, ní Parwan Darra, ó rí àwọn ẹlẹ́ṣin Gẹ̀ẹ́sì, ó kọlù wọ́n, wọ́n sì sá. Ó borí lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ni ohun tí ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ṣẹlẹ̀: ó fi ogun sílẹ̀, ó gun ẹṣin lọ sí Kabul, ó fi idà rẹ̀ lé Macnaghten, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́. Macnaghten dá idà náà padà fún un. Àwọn kan pè é ní ojo. N kò rí ojo nínú rẹ̀. Àwọn aya rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ ti wà ní ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti rí i tán pé àwọn tí ó ń tẹ̀ lé òun lónìí lè ta òun lọ́la. Ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé wọ́n mú un ní ẹrú ogun. Wọ́n kó o lọ sí Íńdíà.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀ Akbar ni ó wà nídìí rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1841, Kabul dìde, wọ́n pa Burnes. Ní oṣù kejìlá, Akbar pa Macnaghten níbi ìpàdé àdéhùn, èyí tí òfin ẹ̀sìn wa kò fi ọwọ́ sí, nítorí ẹni tí a pè wá sọ̀rọ̀ wà lábẹ́ ààbò. Ní oṣù kìíní 1842, nǹkan bí 4,500 ọmọ ogun àti nǹkan bí 12,000 ẹlẹ́rù àti ìyàwó àti ọmọ jáde kúrò ní Kabul nínú yìnyín. Òtútù àti ìbọn pa wọ́n lójú ọ̀nà, wọ́n sì mú àwọn kan lẹ́rú. Oníṣègùn kan, Brydon, gun ẹṣin tí ó ti rẹ̀ tẹnutẹnu dé Jalalabad ní ọjọ́ 13. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kú jẹ́ ọmọ Íńdíà, mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn. Wọ́n pa Shah Shuja náà ní oṣù kẹrin. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà wá gbẹ̀san, wọ́n sun ọjà ńlá Kabul, wọ́n sì kúrò. Wọ́n tú Dost Muhammad sílẹ̀, ó sì padà sórí ìtẹ́ rẹ̀ ní 1843. Owó àti ẹ̀mí tí ó ṣòfò, láti tún gbé ẹni tí wọ́n lé kúrò padà sí àyè rẹ̀ ni.

Ìgbà kejì rẹ̀ ni ó kó ilẹ̀ náà jọ. Ó gba Balkh àti àwọn ilẹ̀ àríwá, ó gba Kandahar ní 1855 nígbà tí ọbàkan rẹ̀ ibẹ̀ kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó fi ṣe gómìnà káàkiri. Peshawar bọ́ lọ́wọ́ Sikh sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1849, kò sì rí i gbà títí ó fi kú. Ní 1855 ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn àlàáfíà, ní 1857 wọ́n tún ṣe òmíràn tí wọ́n fi ń fún un ní 100,000 rúpíì lóṣooṣù nítorí ogun Páṣíà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ ogun Íńdíà ṣọ̀tẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tí Delhi bọ́. Ọ̀nà Peshawar ṣí sílẹ̀. Àwọn aáfáà àti àwọn olóyè rọ̀ ọ́ kí ó kọlu ibẹ̀. Ó kọ̀. Ó ti fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ó sì mọ agbára Gẹ̀ẹ́sì ju àwọn tí ó ń rọ̀ ọ́ lọ. Títí dòní ni àwọn onímímọ̀ ń jiyàn lórí èyí. Ní tèmi, ẹni tí ó bá dá àdéhùn mọ́ àní nígbà tí dídà á yóò mú ohun tí ọkàn rẹ̀ ti ń fẹ́ láti ọdún 23 wá fún un, kò yẹ kí a yára bú u.

Herat ni ó kù. Sultan Ahmad Khan, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó tún jẹ́ ọkọ ọmọ rẹ̀, ni ó wà níbẹ̀. Amir arúgbó náà dó ti ìlú ọmọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọmọbìnrin rẹ̀ kú sínú odi, ọkọ ọmọbìnrin náà kú tẹ̀ lé e, ìlú sì bọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1863. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà, tí Dost Muhammad fi kú ní Herat kan náà. Wọ́n sin ín sí Gazurgah, nítòsí sàréè Khwaja Abdullah Ansari, àgbà onímímọ̀ ayé àtijọ́. Kí Ọlọ́hun forí àṣìṣe rẹ̀ jì í.

Sher Ali, ọmọ tí ó yàn, kì í ṣe àgbà nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Afzal àti Azam jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ìyá wọn sì yàtọ̀. Kò pẹ́ tí ogun fi bẹ́ láàrin wọn, tí wọ́n ń lé ara wọn kúrò ní Kabul títí di 1868 tí Sher Ali fi borí, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Payinda Khan ti ṣe níṣojú bàbá wọn. Ọmọ Afzal, Abdur Rahman, gba ìjọba ní 1880. Nígbà tí ó sì di 1929, ìtẹ́ kúrò ní ìdílé Dost Muhammad, ó bọ́ sọ́wọ́ Nadir Shah, tí í ṣe ìran Sultan Muhammad Khan, ọbàkan tí ó kó ogun kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ní òru Peshawar. Ọmọ Nadir, Zahir Shah, ni ọba tí ó jẹ kẹ́yìn. Daud, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ni ó gba ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́ ní oṣù keje 1973, nígbà tí ó wà ní òkè òkun.